Nọ́ọ̀sì, Pólì àti Yunifásítì: Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Ìbéèrè méjì ni wọ́n sábà máa ń bi àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ yìí. Àwọn òbí ń béèrè pé, ṣé ẹ̀kọ́ yunifásítì ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àbí iṣẹ́ ọwọ́ lásán? Àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ láti ilé náà ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń wá dìgírì lọ́wọ́ àwọn tí ìgbéga bá dé. Ìtàn ló máa dá wa lóhùn.

Ní 1860 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Florence Nightingale sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London. Ìlànà rẹ̀ nípa afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n kọ́ Herbert Hospital fún àwọn sójà ní Shooters Hill, lókè Woolwich wa yìí, tí wọ́n ṣí ní 1865. Ilé gbígbé ló ti dà báyìí. Láyé ìgbà náà, inú wọ́ọ̀dù ni nọ́ọ̀sì ti ń kọ́ṣẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ yunifásítì níbẹ̀. Irú ètò yìí náà ni àwọn òyìnbó gbé dé Nàìjíríà.

Ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale yẹn ni Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó, wọ̀ ní 1946. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó ṣe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí NHS bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ó wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó padà sílé, nígbà tó sì di 1964, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù àgbà ní UCH Ìbàdàn. Ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, Ìyá Pratt sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́, àwọn yunifásítì kan ti ń fún nọ́ọ̀sì ní dìgírì tipẹ́, ṣùgbọ́n 2013 ni ó tó di dandan pé kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gba dìgírì. Ọdún 48 lẹ́yìn Ìbàdàn nìyẹn! Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ inú ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbà wọṣẹ́ ní Nàìjíríà, torí àyè yunifásítì kò tó nǹkan. Kì í ṣe pé orí wa ò pé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ pólì. Ní 1890 ni wọ́n dá Woolwich Polytechnic sílẹ̀ ládùúgbò wa níbí. Ní 1970 ó di Thames Polytechnic. Nígbà tí òfin yí padà ní 1992, ó di University of Greenwich. Pólì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, pólì náà ló ṣì ń jẹ́, àwọn tó gba HND níbẹ̀ sì mọ ohun tí ojú wọn ń rí níwájú ẹni tó ní dìgírì. Òfin ìlú ló fún ọ̀kan lórúkọ tuntun, tí kò fún èkejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe, ẹ má bínú sí i. Ẹ béèrè bóyá NMC fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ kọ́, nítorí ìyẹn ló ń sọni di nọ́ọ̀sì níhìn-ín. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tó kọ́ṣẹ́ nílé, NMC kò ní dandan ni kí ẹ ní dìgírì kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ yín nílé, ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìdánwò iṣẹ́ ni wọ́n ń wò. Bí ẹ bá wá fẹ́ fi dìgírì kún un nítorí ìgbéga, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun ò kàwé. Ilé la wò ká tó sọ ìwé-ẹ̀rí wa lórúkọ. Ilé òkèèrè sì ní orúkọ tirẹ̀.