Òṣùwọ̀n Ara Ènìyàn: Àìná Ọnàbólú, Kenneth Murray àti Agbẹ́gilére, 1906–1954

Nígbà tí Àìná Ọnàbólú, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde, ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906, ńṣe ló fi ara rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ fi hàn pé ọmọ Áfíríkà lè ya ojú ènìyàn bí ó ti rí gan-an, ohun tí ọ̀pọ̀ Òyìnbó amúnisìn kò gbà. Ní 1920, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní London, lẹ́yìn náà ní Paris. Ó padà sí Èkó ní 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé bí a ti ń wọn ara ènìyàn àti bí ohun tó jìnnà ti ń kéré lójú.

Ọnàbólú wà lára àwọn tó rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún un. Kenneth Murray ló dé ní 1927. Èrò tirẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àwòkọ Yúróòpù sílẹ̀, kí ó ya ayé àyíká rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń pe Ọnàbólú ní aláfarawé, tí wọ́n sì ń pe Murray ní olùgbèjà àṣà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí ọmọ má kọ́ òṣùwọ̀n kan ti pààlà sí ìmọ̀ rẹ̀; irú ààlà bẹ́ẹ̀ ni Ọnàbólú ń wó.

Olùkọ́ kẹta wà tí àríyànjiyàn yìí kì í sábà dárúkọ: agbẹ́gilére. Ní ibi iṣẹ́ Ọyẹ́-Èkìtì (1947–1954), níbi tí Bándélé, ọmọ Areogun ará Òsì, ti kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ ní iṣẹ́, Fádà Kevin Carroll ṣàkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí ère ń gbà: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Odidi ara ni a kọ́kọ́ ń gbé yọ. Ọnà wẹ́wẹ́ ló ń kẹ́yìn. Ìlànà yìí kò jìnnà sí ti ilé-ẹ̀kọ́ Ọnàbólú. Òṣùwọ̀n ló yàtọ̀: orí ère a máa tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, nígbà tí ti àwòrán Yúróòpù jẹ́ ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ. Àìmọ̀wọ̀n kọ́ ni èyí. Orí ni ibùjókòó ìpín ẹ̀dá.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀bùn àdámọ́ lásán ni ère ìbílẹ̀ fi ń dúró, ẹ̀kọ́ ni. Ọnàbólú kò sì gbé ìbáwí ọwọ́ àti ojú wọ ilẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Òṣùwọ̀n mìíràn ló fi kún èyí tó ti wà.