"Thou" àti "You": Bí Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Sọ "Ìwọ" Nù

Ọ̀pọ̀ òbí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ló ń ráhùn pé Gẹ̀ẹ́sì ò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Ọmọ á sọ "you" fún ìyá àgbà, á sì sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ ẹ̀ ní kíláàsì. A wá gbà pé "you" ni "ìwọ" tiwa. Rárá o.

Láyé àtijọ́, "thou" ni wọ́n fi ń pe ẹnì kan ṣoṣo. "You" wà fún èèyàn púpọ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé "are", ọ̀rọ̀-ìṣe ọlọ́pọ̀, ló ń tẹ̀ lé e títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan là ń bá wí. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, èdè Faransé di èdè ààfin, Faransé a sì máa fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. Nígbà tó yá, Gẹ̀ẹ́sì náà kọ́ ọ: "you" fún ọ̀gá, "thou" fún ọmọ, ìránṣẹ́ àti ọ̀rẹ́. Àbí ẹ ò rí "o" àti "ẹ" níbẹ̀?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní 1603, níbi ẹjọ́ Walter Raleigh ní Winchester, Edward Coke, agbẹjọ́rò ọba, mọ̀ọ́mọ̀ fi "thou" bú u ní gbangba. Àwọn Quaker ló wá jìyà ẹ̀ jù. George Fox àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní ẹnì kan kì í ṣe méjì, "thou" ni wọ́n fi ń pe olówó àti adájọ́. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n bú wọn. Ní 1660, wọ́n tẹ odindi ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n kó oríṣiríṣi èdè jọ síbẹ̀ láti fi gbèjà ara wọn.

Ọ̀wọ̀ ló pa "thou". Ẹni tí ò bá mọ ipò ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, "you" ló máa lò kó má bàa ṣẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, "you" gba gbogbo ilé. "Thou" kù sẹ́nu àwọn ará abúlé kan, bíi ti Yorkshire, àti sínú àdúrà, torí "thou" ni Bíbélì King James ti 1611 fi pe Ọlọ́run. Bíbélì Yorùbá náà, "ìwọ" ló fi pè É. (Kábíyèsí ńkọ́? "Ẹ" ni o!)

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní, "Grandma, ṣé o ti jẹun?", ẹ má sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ò ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Ẹ sọ fún un pé "you" tó ń sọ látàárọ̀ yẹn, "ẹ" ni.