Iyọ̀ Yòrò, Àpáàdì Kù

Bí òjò bá rọ̀ sórí iyọ̀, iyọ̀ a yòrò, ilẹ̀ a sì fà á mu. Báwo wá ni àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe ń mọ ibi tí àwọn ará àtijọ́ ti se iyọ̀? Kì í ṣe iyọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ohun tí iná fi sílẹ̀ ni wọ́n ń wá: ilẹ̀ tó jóná tó sì pọ́n, eérú, ojú ààrò àti àpáàdì. Àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Òun náà ló tó ko ọjọ́ pípẹ́ lójú.

Ní etíkun Essex, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkìtì ilẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ kí àwọn ará Róòmù tó gba ilẹ̀ náà ní ọdún 43, iṣẹ́ iyọ̀ sì ń bá a lọ lábẹ́ ìjọba wọn. Ní ọdún 2009, wọ́n wa ilẹ̀ ní Stanford Wharf, létí odò Thames, wọ́n sì rí àmì iṣẹ́ àwọn tó se iyọ̀ níbẹ̀ láyé Róòmù.

Irú iṣẹ́ yìí wà lọ́dọ̀ tiwa. Ní Djègbadji, létí ọ̀sà nítòsí Ouidah, àwọn obìnrin a máa ha erùpẹ̀ oníyọ̀ jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n a kó o sínú agbọ̀n, wọ́n a da omi lé e, kí omi náà lè fa iyọ̀ inú rẹ̀ jáde. Omi tó bá ro sísàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé ka iná títí yóò fi gbẹ, tí iyọ̀ funfun yóò kù.

Kí ló kàn wá ní Agoua, tí òkun jìnnà sí wa tó 200 kìlómítà? Ohun tó kàn wá ni pé iyọ̀ etíkun jẹ́ ọjà tí wọ́n ń rù wá sí òkè, iyọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ wọ́n níbi ìsọmọlórúkọ wa. Ìwé ìtàn sọ fún wa pé ọba Agaja gba Savi ní ọdún 1727. Kò sọ orúkọ àwọn obìnrin tó se iyọ̀ létí ọ̀sà yẹn. Àwókù ìkòkò wọn nìkan ló lè jẹ́rìí fún wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá kó òkìtì àtijọ́ láti fi dí kòtò ti fa ojú ewé ìtàn kan ya.

Ọ̀rọ̀ tòní tún le ju ti àtijọ́ lọ. Abọ́ irin ni wọ́n fi ń se iyọ̀ báyìí. Bí irin bá gbó, a dípẹtà tàbí kí a tà á. Kì í fi àpáàdì sílẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi àwọn ìyá wa àgbà léèrè ọ̀nà tí iyọ̀ gbà wọ Agoua, ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí ó tó yòrò.