Ta Ni A Ó Yà Fún Lọ́nà? Ìtàn Òfin Ìlà Ọ̀nà Elérò Púpọ̀

Láti ayébáyé ni àwọn Yorùbá ti ka ojú ọ̀nà ńlá sí ohun àjùmọ̀ní. Ọ̀nà ọba ni wọ́n ń pè é. Bí igbó bá bò ó, àwọn ọkùnrin ìlú ni yóò jáde lọ yẹ ọ̀nà. Àṣà kan sì wà lórí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí kò nílò ọlọ́pàá: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni ó máa ń yà fún ẹlẹ́rù. Bí ẹlẹ́rù bá ti ké pé, “Agò lọ́nà o,” ẹni tí ó wà níwájú yóò bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí mọ́tò gba ojú ọ̀nà, ìbéèrè tuntun dé. Ta ni ẹlẹ́rù báyìí? Ṣé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó sí ni, tàbí bọ́ọ̀sì tí ọ̀pọ̀ èrò há sí?

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ó tètè fi òfin dáhùn ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1969, wọ́n ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì nìkan lórí títì Shirley, èyí tí ó gba ìpínlẹ̀ Virginia wọ Washington. Ní ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dáwọ́ epo rọ̀bì títà fún Amẹ́ríkà dúró, epo sì di ọ̀wọ́n. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba gbà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó bá gbé ènìyàn mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa gba ìlà bọ́ọ̀sì náà kọjá. Òfin yìí kò wo bí ọkọ̀ ti lẹ́wà tó; iye orí tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń kà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ni òfin bẹ́ẹ̀ ti rọrùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1976, ìjọba California mú ìlà kan nínú àwọn tí gbogbo ènìyàn ti ń gbà tẹ́lẹ̀ lórí títì Santa Monica ní Los Angeles. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì àti fún ọkọ̀ tí ó bá gbé ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán. Àwọn tí ń dá nìkan wa ọkọ̀ fárígá. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ dá ètò náà dúró. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ ènìyàn a máa dùn ún ju ohun tí a kò fún un rí lọ.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìlú Èkó ni ọ̀ràn yìí ti kọ́kọ́ le. Owó epo rọ̀bì sọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ di ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè yá owó rà. Erékùṣù Èkó, níbi tí ọ́fíìsì pọ̀ sí, kò sì ní ọ̀nà mìíràn fún mọ́tò láti ilẹ̀ òkè ju orí afárá lọ. Afárá Carter ti wà láti ọdún 1901. Afárá Èkó parí ní ọdún 1975. Síbẹ̀, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ kò dínkù.

Ní ọdún 1977, ìjọba ológun gbé òfin kan kalẹ̀. Ọjọ́ kan ni ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba lè jáde; ọjọ́ kejì ni ti àwọn tí nọ́ńbà wọn kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Èrò ìjọba ni pé ìdajì ọkọ̀ yóò jókòó sílé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tí ó lówó ra ọkọ̀ kejì, kí nọ́ńbà kan má baà dá wọn dúró. Òfin tí ó fẹ́ dín ọkọ̀ kù wá di ohun tí ó ń bí ọkọ̀ sí i.

Kí ni ó fà á? A kò lè sọ pé ọmọ Nàìjíríà kò mọ òfin pa mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo awakọ̀ orílẹ̀-èdè yìí, láti Èkó dé Enugu, láti Port Harcourt dé Kano, ni wọ́n kúrò ní apá òsì tí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Kò sí owó tí ẹnikẹ́ni lè fi ra apá òsì padà. Òfin ọdún 1977 kò rí bẹ́ẹ̀: olówó lè ra ọ̀nà àbáyọ. Yàtọ̀ sí èyí, òfin náà sọ fún ènìyàn pé kí ó má gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde, kò sì fi ọkọ̀ gidi mìíràn rọ́pò rẹ̀. Danfó àti mólúè tí ó ti kún àkúnfàyà ni ó kù fún un. Ìjọba Alhaji Lateef Jakande gbìyànjú láti fi ọkọ̀ ojú irin tán ìṣòro yìí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n ìjọba ológun fagi lé e ní ọdún 1985.

Ọdún 2008 ni Èkó tó ya ìlà ọ̀nà sọ́tọ̀ fún elérò púpọ̀. LAMATA, àjọ tí òfin ọdún 2002 dá sílẹ̀, ni ó ṣètò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta, nígbà Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, àwọn bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 dé CMS, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 22. Ní ibi tí ó pọ̀ jù, kọnkéré ni wọ́n fi ya ìlà náà sọ́tọ̀. Ní ibòmíràn, ọ̀dà nìkan ni. Níhìn-ín, òfin kò kàn sọ pé “má ṣe gba ibí.” Ó tún pèsè bọ́ọ̀sì tí ẹni tí a lé kúrò ní ìlà náà lè wọ̀.

Èkó kò gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ elérò mẹ́rin láàyè bí ti Virginia. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Bí a bá ní kí ọlọ́pàá máa ka orí nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àríyànjiyàn àti rìbá kò ní jìnnà. Bọ́ọ̀sì kò nílò kíkà. Ojú lásán ti mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, ìdánwò òfin kò sí lára aláìlágbára. Àwọn onídanfó ń ya wọ ìlà náà, àwọn ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó wọ aṣọ ìjọba. Ní oṣù Keje ọdún 2012, Fáṣọlá fúnra rẹ̀ dá ọkọ̀ kọ́nẹ́ẹ̀lì ológun kan dúró lórí ìlà BRT. Ọ̀rọ̀ náà gba ìlú kan, nítorí pé èrò tí ó tò sí ibùdókọ̀ láti ìdájí mọ̀ pé bí ọ̀gá bá ń gba ibẹ̀ kọjá láìjìyà, ìlà náà kò ní pẹ́ di ti gbogbo ayé, bọ́ọ̀sì yóò sì tún há.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn yìí fún àwọn ìlú tí ń gbòòrò. Ẹ wo Enugu. Èédú tí wọ́n rí ní ọdún 1909 ni ó bí ìlú náà, ojú irin sì ti so ó pọ̀ mọ́ Port Harcourt ní ọdún 1916. Lónìí, mọ́tò ni ó gba ipò ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀: títì Onitsha, ti Port Harcourt àti ti Abakaliki pàdé nínú ìlú kan ṣoṣo, àwọn èrò Abakpa àti Emene sì ní láti débi iṣẹ́ ní àárọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń fẹ ojú títì bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti ya ìlà bọ́ọ̀sì sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ di tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Santa Monica. Kí bọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀ kí òfin tó dé. Kí òfin náà sì mú ọ̀gá bí ó ti ń mú awakọ̀ danfó. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó dá nìkan jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ yóò lè yà fún ẹlẹ́rù láìbínú, bí àwọn baba wa ti ń ṣe lórí ọ̀nà ọba.