Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Ta Ṣẹ́ẹ̀sì ní Ìgbògbò

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹnu òbí àti àgbà àdúgbò la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, pàápàá nígbà tí ọmọ kan bá hùwà tí kò bójú mu níta. Wọ́n á ní ká wo ilé tó ti jáde wá. Ìlò yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti gbilẹ̀ débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rántí ohun tí òwe náà ń fi hàn wá gan-an. Ẹni tó ń lọ sóde àríyá kì í dé abẹ́ àtíbàbà kó tó máa wá gèlè. Ó ti lọ aṣọ rẹ̀, ó ti wá bàtà tó bá a mu, ó ti wo ara rẹ̀ nínú dígí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fẹsẹ̀ kan títì. Òde kò lè fún un ju ààyè tí yóò fi gbé ohun tó ti kó jọ nílé yọ. Bí kò bá sì kó nǹkan kan jọ, òde kò ní bò ó láṣìírí.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Ìgbògbò àti káàkiri ẹkùn Ìkòròdú ni mo fẹ́ fi òwe yìí bá sọ̀rọ̀. Bí ìdíje bá ku ọ̀la, púpọ̀ nínú wọn á gbé fóònù, wọ́n á máa ta eré ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, wọ́n á ní àwọn ń múra sílẹ̀. Àárẹ̀ ni wọ́n ń kó ròde.

A kò ní láti rìn jìnnà ká tó rí àpẹẹrẹ ẹni tó ṣe é dáadáa. Ìsàlẹ̀ Odò ní Ìkòròdú ni Túndé Ọnàkọ̀yà dàgbà sí, nínú ilé tí owó ilé-ìwé ti ṣòro. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ládùúgbò wọn ló ti kọ́ eré náà. Ìyá rẹ̀ gba iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé-ìwé kan kí ọmọ rẹ̀ lè máa kàwé níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó lọ sí Yaba College of Technology, ó sì di ẹni tí wọ́n mọ̀ nídìí ṣẹ́ẹ̀sì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ló dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, Májídùn tiwa níbí sì wà lára àwọn àdúgbò tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ọmọdé. Wọ́n dé Mákòókò, wọ́n dé abẹ́ afárá Òṣòdì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, òun àti Shawn Martinez ará Amẹ́ríkà jókòó sí Times Square ní New York, wọ́n sì ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60. Àwọn ọmọ Norway méjì ló ni àmì ẹ̀yẹ Guinness fún ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ta pẹ́ jù lọ tẹ́lẹ̀, láti 2018, pẹ̀lú wákàtí 56 àti ìṣẹ́jú 9. Ìṣẹ́jú 5 péré ni òfin Guinness fún Ọnàkọ̀yà àti Martinez láti fi sinmi fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ta. Ìdí tí Ọnàkọ̀yà fi ṣe é ni pé ó fẹ́ kó mílíọ̀nù kan dọ́là jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́.

Gbogbo ayé ló rí Times Square, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ̀kọ́ òdì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kó níbẹ̀. Wọ́n gbà pé bí èèyàn bá ti lè jókòó pẹ́, tó ta ṣáá, ó ti ń gòkè nìyẹn. Wákàtí 60 yẹn fi agbára ara àti ìfaradà hàn, ó sì mú owó wá fún ohun rere. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Kó tó di pé ojú ayé wà lára Ọnàkọ̀yà, ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí bọ́ọ̀dù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ya fọ́tò rẹ̀.

Kí wá ni ẹ̀ṣọ́ tí atáyò ń kó jọ nílé? Àwọn onímọ̀ ti wádìí èyí. Adriaan de Groot, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon ní Carnegie Mellon gbé e síwájú. Wọ́n fi bọ́ọ̀dù kan han ọ̀gá àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n ní kí oníkálukú tún ohun tó rí tò. Nígbà tó jẹ́ pé inú eré gidi ni wọ́n ti mú ètò bọ́ọ̀dù náà, ọ̀gá tún èyí tó pọ̀ jù tò bó ṣe wà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sì rántí díẹ̀ péré. Nígbà tí wọ́n wá fọ́n àwọn ọmọ eré náà ká bó ṣe wù wọ́n, ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sàn ju òpè lọ. Kì í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ fẹ̀ ju ti ẹlòmíì. Ó ti rí irú ètò bẹ́ẹ̀ rí láìmọye ìgbà, ó sì ti di ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo àgbà nídìí ayò ọlọ́pọ́n rí á mọ ohun tí mò ń sọ: kì í fọwọ́ ka ọmọ ayò inú odù kó tó mọ ibi tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí.

Àwọn ètò tó yẹ kó di ojúlùmọ̀ yìí ni ìdánrawò ojoojúmọ́ wà fún: ẹṣin tó gbógun ti ọba àti kúìn lẹ́ẹ̀kan náà, bíṣọ́ọ̀bù tó de rúùkù mọ́ ojú kan nítorí ọba wà lẹ́yìn rẹ̀, ọba tó há sẹ́yìn pọ́ọ̀nù mẹ́ta tirẹ̀ fúnra rẹ̀ tí rúùkù kan sì wọlé pa á. Ojú òpó Lichess ń fúnni ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: funfun ló kàn, yóò borí, báwo? Ìbéèrè mẹ́wàá tí èèyàn ronú sí dáadáa, tó rí ìdáhùn tán lọ́kàn kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, sàn ju ọgọ́rùn-ún tó fi ìka kàn gbìyànjú. Ẹni tí kò ní dátà kó má sunkún. Bọ́ọ̀dù kò nílò iná NEPA.

Ní 2005, Neil Charness àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí mìíràn jáde nípa ohun tó ń gbé atáyò ga. Wọ́n rí i pé wákàtí tí èèyàn fi dá kẹ́kọ̀ọ́ ló fi ipò rẹ̀ hàn jù, ó ju iye eré tó ti ta nínú ìdíje lọ. Èyí kò ní dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ràn ariwo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níbi tí èèyàn mẹ́rin á ti dúró lé èèyàn méjì lórí tí wọ́n á máa pariwo pé "gbé e! gbé e!" Èmi náà fẹ́ràn ariwo yẹn. Ṣùgbọ́n fàájì ni.

Ibi tí mo ti ń bá ọ̀pọ̀ olùkọ́ jà ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti há orúkọ oríṣiríṣi ìbẹ̀rẹ̀ sórí, kò sì lè fi ọba àti pọ́ọ̀nù kan ṣoṣo borí. José Raúl Capablanca ọmọ Kúbà, tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ayé láti 1921 títí di 1927, gbà pé ìparí eré ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ kọ́, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo èyí. Ẹ gbé ọba funfun sí e4, ẹ gbé pọ́ọ̀nù rẹ̀ sí e3 lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé ọba dúdú sí e6, kí bọ́ọ̀dù má ní ohun mìíràn lórí. Ọba méjèèjì ń wo ara wọn lójú, àyè kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Tó bá jẹ́ dúdú ló kàn, ó ti gbé, torí dandan ni kó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, funfun á sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. Tó bá jẹ́ funfun ló kàn, ọ̀mì ni, bí dúdú bá mọ̀ ọ́n ta. Wàyí o, ẹ fa pọ́ọ̀nù yẹn sẹ́yìn sí e2. Funfun ti borí, ẹni yòówù kó kàn, torí bó bá jẹ́ òun ló kàn, yóò kàn sún pọ́ọ̀nù sí e3, yóò sì dá wàhálà padà sọ́wọ́ dúdú. Ẹni tó bá fi ìrọ̀lẹ́ kan ta èyí pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tó yẹ kó gba pàṣípààrọ̀ kúìn àti ìgbà tó yẹ kó sá fún un. Kò sí ìbẹ̀rẹ̀ eré kankan tó lè kọ́ni ní ìyẹn.

Ní ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan fún funfun àti méjì fún dúdú ti tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ìdíje, bó bá mọ ìdí tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀. Ẹ sì jẹ́ ká fi ẹ̀tàn ìgbésẹ̀ mẹ́rin yẹn sílẹ̀, èyí tí kúìn àti bíṣọ́ọ̀bù á jọ dojú kọ f7. Ó ń pa ọmọ tuntun ní ṣọ́ọ̀bù. Nínú ìdíje, alátakò á kàn gbé g6, á tún gbé ẹṣin jáde, kúìn á wá di ẹni tí wọ́n ń lé kiri.

Ìwé tó dára jù lọ tí atáyò ní ni àkọsílẹ̀ àwọn eré tó pàdánù. Kó kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀, kó kọ ìṣẹ́jú tó kù lórí aago rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tó bá délé, kó tò ó sórí bọ́ọ̀dù, kó wá ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kó sì kọ ohun tó ń rò nígbà yẹn, kó tó ṣí kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọmọ á ní "ẹn-ẹ́n, mo mọ̀ ọ́n," á sì tún ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá ní kò sí àyè nílé kó wo ti Tanitolúwa Adéwùmí. Àwọn òbí rẹ̀ sá kúrò ní Nàìjíríà nítorí ìhàlẹ̀ Boko Haram, wọ́n sì dé New York ní 2017. Ilé àwọn aláìnílé ni wọ́n ń gbé. Ilé-ìwé rẹ̀ kò gba owó ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ wọn. Ní alaalẹ́, ọmọ náà á dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé yẹn, á máa fi kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ kọ́ eré. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ó gba ipò kìíní láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York. Ọmọ ọdún 8 ni, kò sì tíì ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ tó ti mọ eré náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ó di National Master ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 10.

Ọjọ́ ìdíje gan-an ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, ìmọ̀ òfin sì ni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọmọ eré rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e, àfi tó bá ti kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ tún un tò. Ọwọ́ tó gbé e náà ni yóò tẹ aago. Tí ọba bá ń wọ odi, ọba ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kó sì lò. Nínú eré gígùn, ìgbésẹ̀ tí òfin kò gbà á fún alátakò ní ìṣẹ́jú 2 kún tirẹ̀. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ti pàdánù. Fóònù tó bá dún lápò èèyàn ti gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ màmá rẹ̀ ló pè láti gbàdúrà fún un, àfi bí òfin ìdíje bá yan ìyà tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ. Kí ọmọ má ṣe lọ kọ́ ìwọ̀nyí lójú ìdíje.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà. Bí ìdíje bá wà ní Súrùlérè, ẹni tó ń ti Ìgbògbò bọ̀ gbọ́dọ̀ dé Sábó, kó kọjá Májídùn, kó wá bá Mile 12 àti Kẹ́tú jìjàkadì kó tó jókòó. Ẹni tó dé pẹ̀lú òógùn lójú, tí aago rẹ̀ ti ń lọ, ti fún alátakò ní ẹ̀bùn. Bí ẹ bá ní ẹbí ní ìtòsí ibẹ̀, ẹ sùn sọ́dọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ ìhà Lẹ́kkí ni, ẹ wo ọkọ̀ ojú omi Bàyékù. Oúnjẹ òwúrọ̀ kó má wúwo. Mi ò bá ẹ̀wà àgànyìn jà, ṣùgbọ́n kó dúró di ìrọ̀lẹ́. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí bọ́ọ̀dù wà nínú àpótí, kí ọmọ sì wà lórí ibùsùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tí ẹ ń kó ọmọ lọ sí ìdíje, mo bẹ̀ yín. Bí ọmọ bá ti ìdí bọ́ọ̀dù dìde, ẹ má tíì bi í bóyá ó borí. Ẹ ní kó fi ìwé tó kọ eré rẹ̀ sí hàn yín, kí ẹ sì jókòó tì í lọ́jọ́ kejì nígbà tó bá ń tò ó sórí bọ́ọ̀dù, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta. Òun ni yóò ṣàlàyé fún yín.