Colony àti Protectorate: Ààlà Tó Wà Láàárín Èkó àti Ìlú Òkè

Nígbà tí gómìnà Lugard da Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914, "Colony and Protectorate of Nigeria" ni orúkọ tí wọ́n fún orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ka ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ìbejì, nítorí òyìnbó kan náà ló ń jọba níbi méjèèjì. Ṣùgbọ́n lójú òfin, colony jẹ́ ilẹ̀ tó ti di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, tí ẹni tí a bí síbẹ̀ sì jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni protectorate. Ìlú Ọba kàn ní òun ń dáàbò bò ó ni. Ìyàtọ̀ yìí tó láti sọ ẹrú di òmìnira.

Ẹ wo Èkó. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, tí ọkọ̀ ogun Prometheus ti dúró lórí omi, Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé. Ìwé náà sọ pé kí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lè dáàbò bo ará Èkó dáadáa ni, lẹ́yìn náà ló wá gba erékùṣù àti èbúté pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ wọn. Ẹnu ń sọ ààbò, ọwọ́ ń gba ilẹ̀. Òfin 1833 sì ti ka oko ẹrú léèwọ̀ ní colony, nítorí náà ẹrú àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ sí í sá wọ Èkó. Glover, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tí ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kó àwọn Haúsá tó sá wá jọ, ó fi wọ́n ṣe ọlọ́pàá. Àwọn olówó ẹrú fárígá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan pàápàá sì ń lọ́ra, ṣùgbọ́n òfin kò yí padà. Ní Àríwá tó jẹ́ protectorate ńkọ́? Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1901 nìkan ni òfin kà sí òmìnira; 1936 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú pátápátá.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwé lásán nìyẹn, pé ààbò kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àdéhùn 1893 fọwọ́ sí òmìnira Ẹ̀gbá, síbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn sójà yìnbọn pa ènìyàn ní Ìjẹmọ̀, nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ní 1914, òmìnira náà parí. Ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá ìdí kan kí wọ́n tó gbà á. Àwọn mìíràn á ní colony ló burú jù, torí pé ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ohun tí ìjọba fẹ́ kí ayé gbà nìyẹn nígbà tó gba ilẹ̀ Àpápá ní 1913. Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921 ìgbìmọ̀ Ọba dájọ́ pé ìwé Dòsùnmú kò pa ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ rẹ́.

Ọdún kejì ni ìjọba fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta tí wọn yóò dìbò yàn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kàlàbá, tó wà ní protectorate, rí ẹyọ kan gbà. Mo gbà pé ààlà náà kò gún régé níbẹ̀. Ará Ìbàdàn ńkọ́? Bó ti wù kó lówó tó, gómìnà ló ń bá a yan ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún un.