Búráúsà Íntánẹ́ẹ̀tì: Yíyàn Rẹ̀ fún Àṣírí, Ààbò àti Ìlò Ojoojúmọ́

Búráúsà ni ètò tí a fi ń ṣí ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Bí ènìyàn bá tẹ àdírẹ́sì kan sí i, búráúsà yóò kàn sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n kó ojú ewé náà sí, yóò gba àwọn fáìlì rẹ̀, yóò sì tò wọ́n di ọ̀rọ̀, àwòrán, fídíò àti bọ́tìnnì tí ojú lè rí. Inú rẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ àwọn ìkànnì tí ènìyàn ti bẹ̀ wò máa ń wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó fi ń wọlé àti nọ́ńbà káàdì báńkì tí ó fi ń rajà. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi ń díwọ̀n búráúsà. Èkíní ni ààbò, ìyẹn bí ó ti ń dí àwọn ọ̀daràn lọ́nà. Èkejì ni àṣírí, ìyẹn bí ó ti ń dín ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń mọ̀ nípa ẹni kù. Ẹ̀kẹta ni ìlò ojoojúmọ́: ìyára, ìwọ̀n dátà tí ó ń jẹ, àti bí ó ti bá ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ mu. Búráúsà kan lè ta yọ nínú ọ̀kan, kí ó sì kù díẹ̀ káàtó nínú òmíràn.

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí

Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ búráúsà àkọ́kọ́ lọ́dún 1990 nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà lẹ́bàá ìlú Geneva. Mosaic, tí wọ́n gbé jáde ní Yunifásítì Illinois lọ́dún 1993, ni ó mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Netscape Navigator tẹ̀ lé e lọ́dún 1994. Lọ́dún 1995 ni Microsoft gbé Internet Explorer dé, tí ó sì so ó mọ́ Windows títí ó fi gba ọjà lọ́wọ́ Netscape. Kóòdù tí Netscape tú síta fún aráyé lọ́dún 1998 ni àjọ Mozilla tún ṣe títí ó fi bí Firefox lọ́dún 2004. Safari ti ilé iṣẹ́ Apple dé lọ́dún 2003, Chrome ti Google sì dé lọ́dún 2008. Chrome ni ó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lágbàáyé báyìí. Microsoft dá Internet Explorer dúró ní oṣù kẹfà ọdún 2022.

Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta

Orúkọ búráúsà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì mẹ́ta péré, ìyẹn apá tó ń to fáìlì di ojú ewé, ni ó ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Blink, tí ó wà nínú kóòdù Chromium ti Google, ni Chrome, Edge, Opera, Brave, Vivaldi àti Samsung Internet ń lò. WebKit ni ti Safari. Gecko ni ti Firefox àti Tor Browser. Lórí iPhone, Apple pa á láṣẹ pé WebKit ni gbogbo búráúsà gbọ́dọ̀ lò. Àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni òfin kọ́kọ́ tú sílẹ̀ nínú àṣẹ yìí lọ́dún 2024. Ohun tí èyí fi hàn ni pé bí àléébù kan bá yọ nínú Chromium, gbogbo búráúsà tó ń lò ó ni ó kàn, olúkúlùkù wọn ni yóò sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn tirẹ̀.

Ààbò

Gbogbo búráúsà ńlá òde òní ló ń fi ojú ewé sí àhámọ́, kí kóòdù burúkú tó bá wà nínú rẹ̀ má baà fọwọ́ kan fáìlì mìíràn lórí ẹ̀rọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn olùwádìí kéde Spectre, àléébù kan nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ó lè jẹ́ kí ìkànnì kan yọjú wo ohun tó jẹ́ ti òmíràn. Lọ́dún náà ni Chrome ya ìkànnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń lò ó lórí kọ̀ǹpútà. Firefox ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2021.

Síbẹ̀, àléébù kì í tán nínú ètò tó tóbi tó báyìí, àtúnṣe ni kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́. Láti ọdún 2023 ni Chrome ti ń fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọjọ́ tí àtúnṣe bá jáde gan-an ni àwọn ọ̀daràn yóò mọ ibi tí ògiri ti lanu, ẹni tí kò bá sì tíì gba àtúnṣe ni wọn yóò kọjú sí. Fóònù àtijọ́ tí Android rẹ̀ ti pẹ́ jù kì í rí Chrome tuntun gbà mọ́. Bí irú rẹ̀ bá ṣì ń ṣí ojú ewé, kò yẹ kí a máa fi ṣe iṣẹ́ báńkì.

HTTPS ni ọ̀nà tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ tó wà láàrin búráúsà àti sáfà di àdììtú, kí ẹni tó bá wà lórí wáìfáì kan náà má baà lè kà á. Ó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé olóòótọ́ ni ẹni tó ni ìkànnì. Láti ọdún 2015 ni Let's Encrypt ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí HTTPS lọ́fẹ̀ẹ́, oníjìbìtì náà sì lè gbà á. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣi àmì àgádágodo òkè ojú ewé túmọ̀ ni Chrome ṣe yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2023. Àdírẹ́sì fúnra rẹ̀ ni kí a máa kà. Orúkọ tó kẹ́yìn ṣáájú ìlà ìdagẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé «https://» ni ti ẹni tó ni ojú ewé. Bí orúkọ báńkì bá wà níwájú, tí orúkọ àjèjì sì tẹ̀ lé e kí a tó dé ìlà náà, ìkànnì báńkì kọ́. Àpò ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà nínú búráúsà máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́ níbí, nítorí pé kì í fi ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì sínú ojú ewé tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá bá èyí tó mọ̀ mu, bó ti wù kí wọ́n jọra tó lójú.

Àṣírí

Lou Montulli, òṣìṣẹ́ Netscape, ni ó dá kúkì sílẹ̀ lọ́dún 1994. Fáìlì kékeré ni, tí ìkànnì ń fi sínú búráúsà kí ó lè rántí ẹni tó wọlé àti ọjà tó ti yàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di wàhálà ni kúkì ẹnì kẹta. Ká ní ènìyàn ń wo bàtà lórí ìkànnì ìtajà kan, tí ilé iṣẹ́ ìpolówó sì ní kóòdù níbẹ̀. Kóòdù náà yóò fi nọ́ńbà kan sínú búráúsà ẹni náà. Bí ó bá kúrò níbẹ̀ tí ó lọ ka ìròyìn, tí ilé iṣẹ́ ìpolówó yìí kan náà sì wà níbẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni yóò fi dá a mọ̀, bàtà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé e kiri. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, wọn yóò mọ àìsàn tó ń kà nípa rẹ̀, ìlú tó fẹ́ ṣí lọ àti ìgbà tí owó wọlé fún un.

Safari bẹ̀rẹ̀ sí dènà gbogbo kúkì ẹnì kẹta ní oṣù kẹta ọdún 2020. Firefox ń fi kúkì ìkànnì kọ̀ọ̀kan sí àpò tirẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2022. Google ṣèlérí lọ́dún 2020 pé Chrome yóò pa wọ́n rẹ́, ṣùgbọ́n ó yí ìpinnu náà padà lọ́dún 2024. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ìpolówó ni ó ń mú èyí tó pọ̀ jù wọlé fún Google. Ní ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ó hàn gbangba pé ní ọdún 2021 nìkan, Google san dọ́là bílíọ̀nù 26.3 fún Apple àti àwọn mìíràn kí ìṣàwárí rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí ènìyàn kọ́kọ́ bá. Firefox pẹ̀lú ń jẹ nínú irú owó yìí.

Kúkì nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń dáni mọ̀. Ìwọ̀n ojú ẹ̀rọ, èdè, irú lẹ́tà tó wà lórí kọ̀ǹpútà àti agbègbè àkókò, bí wọ́n bá pàdé pọ̀, lè dá ẹ̀rọ kan yàtọ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Cover Your Tracks, ìkànnì ìdánwò tí àjọ Electronic Frontier Foundation ṣe, máa ń fi èyí han ẹni tó bá dán an wò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ipò ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní Incognito ń fi wọ́n pamọ́. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kò ní fi àkọsílẹ̀ ìbẹ̀wò àti kúkì sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Ìkànnì tí a bẹ̀ wò, ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó ni wáìfáì ṣì lè mọ̀. Wọ́n pe Google lẹ́jọ́ lórí èyí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020. Lọ́dún 2024 ni ó gbà láti pa àìmọye àkọsílẹ̀ rẹ́.

Àwọn búráúsà tó wọ́pọ̀

Chrome yára, ààbò rẹ̀ lágbára, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìkànnì ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ti àṣírí ni ó kù sí. Edge bá Windows rìn dáadáa, ṣùgbọ́n òun náà ń kó ìsọfúnni ránṣẹ́ sí Microsoft àfi bí a bá tún ètò rẹ̀ tò. Safari kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ bátìrì, ó sì ń dènà atọpinpin, ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ Apple nìkan ni ó wà.

Firefox ni ó dára fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún nǹkan ṣe. uBlock Origin, àfikún tó ń dènà ìpolówó àti atọpinpin, ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ pátá, títí kan orí fóònù Android. Òfin tuntun tí Google ṣe fún àwọn àfikún Chrome ti lé e kúrò níbẹ̀, tí ó fi ku ẹ̀dà kékeré tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Brave, tí Brendan Eich jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ń dènà ìpolówó láti ìbẹ̀rẹ̀ láìsí àfikún kankan. Èyí bá ẹni tí kò fẹ́ wàhálà mu, ó sì ń dín dátà kù.

Ní Nàìjíríà, orí Opera Mini ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ mọ íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù onítẹ̀ẹ́. Bí ó ti ń dín dátà kù ni pé sáfà Opera ni ó ń lọ gba ojú ewé wá, tí ó ń fún un pọ̀, kí ó tó fi ránṣẹ́ sí fóònù. Ní ipò ìdínkù tó le jù, sáfà náà ni ó ń tú àdììtú HTTPS. Ó dára fún kíka ìròyìn, kò dára fún báńkì. Ti UC Browser tún le ju èyí lọ: Citizen Lab ti Yunifásítì Toronto ṣàlàyé lọ́dún 2015 pé ó ń tú ibi tí ènìyàn wà àti ọ̀rọ̀ tó ń wá síta.

Tor Browser ni ti ẹni tí ẹ̀mí tàbí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àṣírí, bí akọ̀ròyìn tàbí ẹni tó fẹ́ tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́. Ibùdó mẹ́ta ni ó ń gba ọ̀rọ̀ kọjá: ti àkọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, kò mọ ibi tó ń lọ, ti ìkẹyìn mọ ibi tó ń lọ, kò mọ ibi tó ti wá. Ó ń falẹ̀, ẹni tó bá sì fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé sí Facebook lórí rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí náà.

Bí a ṣe ń yàn

Ó sàn kí ènìyàn ní búráúsà méjì: kí ọ̀kan jẹ́ ti báńkì àti iṣẹ́, láìsí àfikún kankan nínú rẹ̀, kí èkejì, tó ń dènà atọpinpin, jẹ́ ti kíkà àti wíwá nǹkan kiri. Àfikún kò gbọ́dọ̀ pọ̀, nítorí pé èyí tó bá gba àṣẹ láti ka ojú ewé lè ka ọ̀rọ̀ aṣínà pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é tàbí ilé ìtajà áàpù ni kí a ti gba búráúsà, kì í ṣe láti inú líǹkì tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lẹ́yìn gbogbo èyí, àtúnṣe ni ó ṣe pàtàkì jù: búráúsà tí kò bá gba àtúnṣe mọ́ kò ní ààbò, orúkọ yòówù tó ń jẹ́.